Màmá Bọ́ Bàtà Lórí Òkè Yìnyín

Èmi ni wọ́n fi ṣe aṣíwájú lọ́dún náà, nítorí pé èmi ni mo mọ ọ̀nà òkè ọ̀hún jù. Ìlú òyìnbó ni, ìjọ Yorùbá kékeré sì ni wá. Bí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, a máa ń gun òkè lọ gbàdúrà bí wọ́n ti ń ṣe nílé, àfi pé yìnyín ló bo tibẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè.

Màmá mi wà láàárín wa. Wọ́n wá láti Erunmu láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n oṣù ọmọ náà kò pé tí ìyàwó mi fi bí i, inú àpótí gíláàsì ló ṣì wà ní ọsibítù. Ọ̀já tí màmá mú wá láti fi pọ̀n ọ́n, ìbàdí ara wọn ni wọ́n so ó mọ́.

"Bí a bá ti dé orí òkè yìí, ọmọ á wálé," ni wọ́n ń wí láti àárọ̀.

Ìtàn kan wà tí mo gbọ́ títí tó fi sú mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ tí àìsàn fẹ́ gbé mi lọ, màmá pọ̀n mí, wọ́n bọ́ bàtà nítorí pé ilẹ̀ mímọ́ ni, wọ́n gun òkè àpáta ẹ̀yìn oko wa nínú ọyẹ́. Wọ́n dé orí rẹ̀ pátápátá, ara mi sì yá. Bí mo bá ṣàìgbọràn, ìtàn yẹn ni wọ́n fi ń nà mí.

Mo ń tẹ yìnyín níwájú, àwọn yòókù ń fi ẹsẹ̀ sí ojú ẹsẹ̀ mi. Mo jágbe mọ́ díákónì wa tó fẹ́ yà lọ ya fọ́tò. Onínúfùfù ni mí, òkè kì í sì í jẹ́ kí n rántí ẹni tó jù mí lọ.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn o," ni màmá wí lẹ́yìn mi.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé orí, afẹ́fẹ́ líle dé. Yìnyín ń fò bí èlùbọ́ tí wọ́n ń jọ̀, n kò rí iwájú mọ́. Mo ní ká padà. Gbogbo wọn yí padà, àfi màmá. Wọ́n ti jókòó sórí òkúta, wọ́n ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ẹ máa lọ. Màá dá dé ibẹ̀."

"Òtútù á pa ẹsẹ̀ yín, ẹ ò ní lè fi rìn mọ́!"

"Ọmọ ńkọ́?"

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo lè pàdánù ìyá lórí òkè, kí n tún pàdánù ọmọ nísàlẹ̀. N kò jágbe mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín, mo gbá ẹsẹ̀ wọn mọ́ àyà.

"Ẹ ti gun òkè fún mi, ẹ sì dé orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn tó fún ọmọ mi náà."

Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀já ìbàdí wọn. Wọ́n ní, "A ò dé orí rẹ̀."

"Òkè wo?"

"Ti ẹ̀yìn oko. Kùrukùru bo ọ̀nà, ìwọ náà ò sunkún mọ́, àyà mi já. Ìdajì ọ̀nà ni mo ti gbàdúrà, mo bá sáré gbé ọ lọ sí ọsibítù ní Egbeda."

Ẹ̀rín àti ẹkún gbá mi mú pa pọ̀. Mo ní, "Ibi tí a dé yìí ju ìdajì lọ, Màmá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàdúrà níbẹ̀, kò gùn. Mo wọ bàtà fún wọn, mo so okùn rẹ̀ le, bí wọ́n ti máa ń so tèmi nígbà tí mò ń lọ síléèwé.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo mú ọmọ náà wá sí Erunmu. Ó ń lé adìyẹ kiri àgbàlá, màmá sì ń ròyìn fún àwọn aládùúgbò.

"Orí òkè pátápátá la dé, nínú yìnyín! Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Wọ́n ń wo ojú mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni mo wí. "Orí rẹ̀ gan-an."