Bí A Ṣe Wá Àbùùbùtán Lọ sí Erékùṣù Píkò

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ ilé. Ẹni tó bá ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, kó máa lọ. Ẹni tó bá ráyè, kó fìdí kalẹ̀, nítorí ìrìn tí mo fẹ́ sọ yìí, orúnkún mi ṣì ń ròyìn rẹ̀ títí di òní.

Ìdájí la kúrò ní Peckham, òjò wínníwínní ń rọ̀ sórí Rye Lane, kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó tíì ṣí. Àwa mẹ́ta ni. Èmi rèé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí mo fi ọdún mẹ́tàlélógún wa báàsì kiri London. Mummy Ṣadé nìkejì, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Forest Hill. Láti ẹnu iṣẹ́ òru ló ti wá bá wa tààrà, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Ẹnìkẹta ló ni ìrìn náà: ẹ̀gbọ́n wa Oyèwọlé, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó máa ń ka ẹ̀kọ́ ní ìjọ aláṣọ funfun wa. Òun ló gbà mí sílé ní Kennington nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Yàrá kan ṣoṣo la jọ sùn fún oṣù mẹ́jọ, kò sì fi ọjọ́ kan bi mí pé ìgbà wo ni màá lọ.

Ojú ẹ̀gbọ́n ló ń lọ. Tọ̀tún ti kú. Tòsì ló kù, dókítà sì ní ibi tó fi ń ríran ń kéré sí i lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n gbọ́, kò sunkún. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ fi ìyókù rẹ̀ wò. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí òkun ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní kékeré, òkun gbé àbùùbùtán kan jù sí èbúté wọn. Ọjọ́ mẹ́rin ni gbogbo ìlú fi gé e, ẹran ò tán.

“Òkú rẹ̀ ni mo mọ̀,” ló máa ń wí. “Mo tilẹ̀ jẹ nínú rẹ̀. Mi ò tíì rí ààyè rẹ̀ rí, kó máa mí.”

“Bàbá, ṣé ti inú tẹlifíṣọ̀n ò tó ni?” Mummy Ṣadé bi í nínú takisí tó ń gbé wa lọ sí Gatwick.

“Ṣé o lè wo fọ́tò oúnjẹ kí o yó?”

“Bó ṣe rẹ̀ mí yìí, màá yó.” Ó gbé orí lé fèrèsé, ó sùn lọ.

Ọkọ̀ òfuurufú méjì la wọ̀. Èkíní gbé wa dé Lisbon, olú ìlú àwọn Pọtogí, níbi tí a ti fi wákàtí márùn-ún jókòó lórí àga irin. Èkejì kéré, ó ń ta wá sókè sódò bí ọkọ̀ tó ń gba ojú ọ̀nà oníkòtò, títí ó fi sọ wá sórí Píkò, erékùṣù àwọn Pọtogí láàárín agbami, níbi tí àbùùbùtán pọ̀ sí. Òkè iná ló bí erékùṣù náà: láyé àtijọ́, òkúta yíyọ́ tú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ó tutù, ó di ilẹ̀. Òkè náà ṣì dúró láàárín, ó wé ìkùukùu bí gèlè. Gbogbo ilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn ará ibẹ̀ fi òkúta dúdú mọ ògiri kúkúrú kiri, wọ́n ń gbin àjàrà sáàárín rẹ̀ kí atẹ́gùn òkun má baà pa á.

Ibẹ̀ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ èémí ara mi. Ní Peckham, bí o bá kí ẹni tí o kò mọ̀ nínú báàsì, yóò gbé àpò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Níbí, kò sí ẹni tó kọjá tí kì í sọ pé “bom dia”, ìyẹn ni “ẹ káàárọ̀” tiwọn. Ẹ̀gbọ́n tí kò rí ẹni tó ń kí i ń dá gbogbo wọn lóhùn. Màlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí òun náà gbórí sókè wò wá. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, ó kí i. A ò sọ fún un.

Yúrò kan péré ni wọ́n ń ta ife kọfí. Lálẹ́, wọ́n gbé ohun tí wọ́n ń pè ní “inhame” wá, sísè, pẹ̀lú sọ́séèjì pupa. Mummy Ṣadé fi fọ́ọ̀kì gún un wò.

“Kókò rèé. A ti Peckham wá jẹ kókò.”

“Má dà á láàmú,” ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ti wà lórí ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ kejì, wọ́n fún wa ní akoto àti iná ọwọ́, a wọ inú ihò kan tí iná àtijọ́ gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di okùn àpò Mummy Ṣadé mú, ó ń tẹ̀ lé e bí ọmọ. Nígbà tí a jáde, mo jókòó sórí òkúta, mi ò lè dìde fún ìgbà pípẹ́. Ẹyẹ òkun kan ń ké lórí wa bí ìkókó tí ebi ń pa. Mo bi ara mi pé ta ló rán wa.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ ọkọ̀ ojú omi. Ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó sórí òkè láti àárọ̀ pẹ̀lú awò ńlá tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn; “vigia” ni wọ́n ń pè é, ìyẹn olùṣọ́. Bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ àbùùbùtán fún àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ gún un. Òun ń ṣọ́ ọ fún àwọn tó kàn fẹ́ wò ó. Bó bá rí i, á fi rédíò pe ọkọ̀.

Lúsíà, ọmọbìnrin tó ń mú wa kiri, ní kí ẹ̀gbọ́n jókòó sí iwájú pátápátá. Àwa méjèèjì kọ̀. Iwájú ni omi ti ń ta síni lójú. Ṣé ibẹ̀ là á gbé àgbà sí? A mú un lọ sẹ́yìn, níbi tó gbẹ, mo ká kóòtù mi sábẹ́ ìdí rẹ̀. A rò pé a ṣe dáadáa.

Rédíò sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ sáré, ó dúró. Níwájú gan-an, ohun kan tó gùn ju báàsì tí mo wà lọ tú omi sókè, ó gbé ìrù, ó rì. Lẹ́yìn, níbi tí a gbé e sí, ẹ̀gbọ́n ti dìde, ó ń nàka sápá òsì.

“Mo rí i. Dúdú rẹ̀ rèé.”

Òjìji ìkùukùu lórí omi ni.

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí.

“Ẹ kú oríire, Bàbá,” ni Mummy Ṣadé wí.

Lúsíà wo ojú wa. “Rárá, sà. Òjìji nìyẹn. Iwájú níbí ló wà, ó ti rì.”

“Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́,” Mummy Ṣadé wí lábẹ́ ahọ́n.

Ẹ̀gbọ́n jókòó. “Láńre, kí ni mo rí?”

Mo rántí yàrá Kennington. “Ẹ rí i, sà.”

Ó yíjú sí ẹnìkejì. “Ṣadé, bí arúgbó kan níbi iṣẹ́ rẹ bá bi ọ́ bóyá ọmọ òun ti dé, tí kò sì dé, kí lo máa ń sọ?”

“Wọn ò gbà kí á purọ́ fún wọn, Bàbá.”

“Kí ni mo rí?”

“Òjìji ni, sà.”

“Ẹni tí mo kí létí ọ̀nà tí kò dáhùn ńkọ́?”

“Màlúù ni, sà.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Bí ẹ bá ń ṣe báyìí, mo ti fọ́jú tán nìyẹn, ojú yìí ì báà máa ríran.”

Ìdajì wákàtí ló kù fún wa. Atẹ́gùn ń bọ̀ lọ́la, ọkọ̀ ò ní jáde mọ́, ilé sì ni lọ́túnla. Ẹ̀gbọ́n rá pálá lọ síwájú, omi rin ín dé àyà. Rédíò tún sọ̀rọ̀. Kò pẹ́, àbùùbùtán mìíràn yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n ń yí orí kiri, ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń wá a, kò bá a. Lúsíà nawọ́ láti yí orí náà fún un. Mummy Ṣadé gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má fọwọ́ kan orí bàbá wa.”

“Kò ní pẹ́ rì,” ni Lúsíà wí.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé orí àgbà kì í ṣe ohun àfọwọ́kàn. Nínú ìjọ wa pàápàá, ẹni tó ga jù ú lọ nìkan ló ń gbọ́wọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti ṣí fìlà, ó ti tẹrí ba.

“Láńre, gbá orí mi mú.”

Mo fọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ó gbóná, ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. “Ọ̀tún, sà. Díẹ̀ sí i. Ẹ wolẹ̀. Ibẹ̀ yẹn.”

Orí náà dúró lọ́wọ́ mi. Ẹja náà mí: ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ilẹ̀kùn báàsì bá tú atẹ́gùn sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ kàn wá.

“Ara rẹ̀ rún,” ni ẹ̀gbọ́n wí, “bí aṣọ tí a ò lọ̀. Ó tún mí.” Nígbà tó ṣe, ó ní, “Ó ti ń lọ. Ìrù rẹ̀ nìyẹn.”

Ìrù rẹ̀ ni lóòótọ́.

Bí a ṣe padà, mi ò ní fi dá yín dúró: àga irin náà ni, òjò náà ni, Rye Lane náà ni, Mummy Ṣadé sì wọlé iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tí ìrìn náà kọ́ mi ni pé ọ̀wọ̀ a máa di aṣọ tí a fi ń bo ènìyàn lójú.

Kí ìgbà òtútù tó parí, ojú òsì náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n pín ohun tí ojú rẹ̀ ń lò. Mummy Ṣadé gba mọ́tò, òun ló ń wà á lọ sí Forest Hill. Ọmọ ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ obìnrin, ní Catford, kó gbogbo fọ́tò. Èmi ló fún ní ẹ̀kọ́ kíkà, èmi tí ohùn mi ò dùn. Mo sì jogún ìbéèrè rẹ̀. Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, a dé ẹnu ọ̀nà ìjọ, ó bi mí pé, “Láńre, ṣé aṣọ funfun mi mọ́?”

“Kò mọ́, sà. Epo ọbẹ̀ wà láyà rẹ̀.”

Ó yí padà lọ pààrọ̀ rẹ̀.