Koríko Gíga Tí Bàámi Gbìn

Tíṣà ni Bàámi ní Ìlobù, ṣùgbọ́n Ìfọ́n ni à ń gbé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Òṣogbo hú koríko kan fún un tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Koríko náà ga ju èèyàn lọ, òdòdó orí rẹ̀ sì funfun, ó rí bí ìrù ẹṣin. Bàámi gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà tó ti ẹ̀yìnkùlé wa lọ sí ìdí máńgòrò. Àwọn aládùúgbò fi í rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, koríko tá à ń ro dànù lóko lẹ tún ń gbìn sílé?”

Bàámi á ní, “Ó wù mí í wò ni.”

Kò wò ó pẹ́. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀pa ò bóró mọ́. Nígbà tí kò ríran mọ́ rárá, koríko yẹn ló ń mú un lọ sídìí máńgòrò. Á na ọwọ́ méjèèjì, ewé á máa kàn án lọ́wọ́, á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dì í mú, á ní, “Fi mí sílẹ̀, mo mọ̀nà.” Inú mi máa ń dùn tó bá sọ ọ́, torí ohùn tó fi ń kọ́ wa níwèé ló máa ń fi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Òṣogbo, kì í sábà wálé. Lọ́jọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́, ó dé nígbà tí a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aládùúgbò kan sọ fún un pé àwọn pa ejò nítòsí ilé wa. Ó mú àdá, ó mú ọkọ́, ó gé koríko náà, ó hú gbòǹgbò rẹ̀, ó sì dáná sun ún.

Nígbà tí a dé, Bàámi gba ẹ̀yìnkùlé lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó na ọwọ́. Ó tún nà án síwájú sí i.

“Ta ló gé e?”

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀. “Èmi ni, Bàámi. Mi ò fẹ́ kí ejò bù yín ṣán ni.”

Bàámi ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Dìde.” Ó wá ní kí Màámi mú òun wọlé.

Nígbà tí Màámi ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé koríko yẹn ló ń mú Bàámi rìn, ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún. Ó wá ọ̀rẹ́ Bàámi tó fún un ní koríko náà lọ sí Òṣogbo, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọ̀hún ti kó kúrò níbẹ̀. Ló bá jó irin pọ̀, ó kó o wálé, ó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà kí Bàámi lè máa dì í mú rìn. Bàámi dì í mú dé ìdí máńgòrò, ó sì ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ náà, kò gba ibẹ̀ mọ́. Pálọ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ló sì kú sí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé ó bínú sí mi?”

Mo ní rárá, òótọ́ sì ni. Kò gbà mí gbọ́. Títí dòní, bó bá wálé, kì í dé ẹ̀yìnkùlé.