Àǹtí Sùúrù àti Ohùn Tó Ń Pẹ́ Lọ́nà

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé dídákẹ́ ni iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, iṣẹ́ gidi ni, ó kàwé nítorí ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kólòlò ló ń ràn lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ lè yọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: tí ọ̀rọ̀ bá há sí ọmọ lẹ́nu, àwa tó kù á sáré bá a parí ẹ̀, ká lè máa bá tiwa lọ. Tiẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Á jókòó, á tẹjú mọ́ ọmọ náà, ojú ẹ̀ á máa dán bíi pé oúnjẹ ni wọ́n ń bù bọ̀, títí ọmọ á fi fúnra ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ìdí nìyẹn táwọn ọmọ fi ń pè é ní Àǹtí Sùúrù. Ọkọ ẹ̀ náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ nìkan ni.

Tẹ́lẹ̀, yàrá kan níléèwé ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó wá bímọ, ọmọkùnrin kan báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kìbìtì, tí gbogbo ilé ń pè ní Ọ̀gá nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sùn àfi tó bá fọwọ́ sí i, ló bá gbé iṣẹ́ wá sílé. Kọ̀ǹpútà lórí tábìlì, òun níwájú ẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ á wà nílé tiẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ò dé àdúgbò yẹn, torí náà àpótí funfun kékeré kan ni wọ́n rà, wọ́n ki síìmù bọ̀ ọ́ nínú, ó sì ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì látara òpó gíga tó wà lẹ́yìn ilé epo, bí fóònù ṣe ń gbà á gan-an. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n gbé e sí, torí ọkọ ní iná ara ẹ̀ ń ṣẹ́jú sóun tóun bá ń wo bọ́ọ̀lù.

Nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ Àǹtí yìí tó máa ń yà èèyàn lẹ́nu. Ọmọ tí kò lè dá ka ìlà kan tán, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa kà á pẹ̀lú ẹ̀, kí ohùn méjèèjì máa rìn pọ̀, ẹ ó rí i tí ọ̀rọ̀ á máa ṣàn lẹ́nu ẹ̀ bí omi. Wọ́n á kà á pọ̀ báyìí fún ọjọ́ díẹ̀, Àǹtí á wá máa rẹ ohùn tiẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ á fi máa dá kà á láìmọ̀. Àfi bí ìgbà téèyàn ń kọ́ ọmọ ní ìrìn: ẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ sì ń rọra tú ìka sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohùn méjèèjì gbọ́dọ̀ rìn pọ̀ ni o. Bí ọ̀kan bá ṣíwájú tí èkejì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà láàárín wọn tí Àǹtí ń pè ní Àdàbà, nítorí ohùn ẹ̀ tó rọ̀. Ọmọ yìí ti pinnu pé òun ò ní sọ̀rọ̀ níléèwé mọ́. Tí tíṣà bá pe orúkọ, ọwọ́ ló ń nà sókè. Tó bá fẹ́ lọ tọ̀, á kọ ọ́ sínú bébà. Ìyá ẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá Àǹtí kàn, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì dùn bí oyin. Wọ́n ń kàwé pọ̀, Àdàbà tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ọkọ Àǹtí, tó jẹ́ bíríkìlà, ò tíì rí iṣẹ́ tuntun, òun ló ń gbé Ọ̀gá kiri pálọ̀ ní aago mẹ́rin tí iyàwó ẹ̀ bá ń kọ́mọ. Ìgbà tí iṣẹ́ yọjú, màmá Àǹtí wá láti wá bá wọn tọ́mọ. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yíwọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé kan, wọ́n ṣí ìwé wọn, ìtàn ewúrẹ́ kan tó ya wèrè.

“Ewúrẹ́ kan wọ kíláàsì,” Àǹtí bẹ̀rẹ̀.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró. Ó dúró dáadáa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n dúró. Nígbà tó yá, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti há sọ́mọ lẹ́nu, ló bá ní, “Ó dáa, jẹ́ ká tún—”

Àfi gbàgà, ohùn ọmọ já wọ inú tiẹ̀: “E-ewúrẹ́ kan wọ—”

Àwọn méjèèjì dákẹ́.

“Máa kà á lọ, ọ̀rẹ́ mi.”

“Ẹ m-má bínú, Àǹtí.”

“Rárá, èmi ni mo—”

“Ẹ m—”

Wọ́n tún kọlu ara wọn, bí èèyàn méjì tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan náà, tí ìwọ yà síbí, tí èmi náà yà síbẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin. Àdàbà pa ìwé dé. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó wá nà án sókè.

Ara Àǹtí bù máṣọ. Ọwọ́ tí ọmọ yìí ń nà sáwọn tó ti sú u níléèwé, òun ló nà sóun náà yẹn.

Nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì pè é. “Tíṣà, ẹ ò ní bínú o. Ọmọ mi ní ẹ ò ní sùúrù mọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tóun bá ti fẹ́ lanu lẹ máa ń já lu òun.”

“Ìyá Àdàbà, mi ò jẹ́ já lu ọmọ láé! Ohùn ẹ̀ ló ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.”

“Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ni. Ẹ jẹ́ ká wò ó di Ọjọ́rú yìí. Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, a máa dá a dúró ni. Mi ò fẹ́ kó tún rí ibòmíì táá ti máa panu mọ́.”

Wọ́n ní o ò lẹ́wà, ìyẹn ṣeé gbọ́. Wọ́n ní ọbẹ̀ rẹ ò dùn, ó ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní Àǹtí Sùúrù ò ní sùúrù! Obìnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò lè tú ìdì ìtẹ́dìí tó mú lọ́wọ́.

Ọkọ ẹ̀ dé, sìmẹ́ńtì ṣì wà lápá ẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀, ló bá yọ fóònù. “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo? Èyí tí mo fọwọ́ ara mi rà? Wo nọ́ńbà yìí! Ó ń fa odindi fíìmù wálẹ̀ kí n tó bọ́ bàtà tán!”

“Bàbá Ọ̀gá, fíìmù ò retí kí n dá òun lóhùn. Ó lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, mi ò ní mọ̀. Ọmọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ká wá ra èyí tó tún jù ú lọ.”

“Kí ló máa fìyẹn ṣe? Kó lè kó fíìmù méjì wá?”

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ tètè kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n lọ pe Ìyá Síìmù. Abẹ́ agboòrùn ní ìkòríta lobìnrin yìí ti ń ta síìmù, ṣùgbọ́n kò sírú àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò mọ̀ ọ́n ṣí. Ó gun àtẹ̀gùn dókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ò tíì máa gbúròó àwọn áńgẹ́lì báyìí?” Ló bá rí àpótí. “Yéè! Ta ló ti eléyìí mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n? Òpó lẹ fẹ́ kó gbóhùn ẹ̀, ẹ wá fi í kọjú sógiri!”

Ọkọ wo òkè àjà.

Ìyá Síìmù gbé àpótí náà sójú fèrèsé tó dojú kọ ilé epo. Ó fa wáyà láti ara ẹ̀ wọnú kọ̀ǹpútà, ó ní afẹ́fẹ́ inú ilé kún fún fóònù gbogbo ará àjà mẹ́rin, wáyà ló ń lọ tààrà. Ó wá ṣí ojú ewé dúdú kan. “Òkò kékeré ni mò ń jù lọ yìí. Mò ń ka bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó padà wá bá mi. Ẹ wò ó. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti lọ, ó ti bọ̀. Ara nǹkan yín le, ó jàre.”

Ó ti ń kó irinṣẹ́ ẹ̀ bọ báàgì nígbà tí aago mẹ́rin lù. Òkò tó kàn ò wá. Nígbà tó máa dé, odindi ìṣẹ́jú-àáyá kan ti kọjá. Èyí tó tẹ̀ lé e fẹ́ẹ̀ẹ́ tó méjì.

“Háà! Ta ló bọ́ sójú ọ̀nà?”

Ilé pa lọ́lọ́, àfi ohùn Màmá láti balùwẹ̀: “Ọ̀gá mi, jẹ́ kí wọ́n rí ìka ẹsẹ̀ ẹ! Bẹ́ẹ̀ ni! Ó ku èkejì!”

Àǹtí gbọ́ ohùn yẹn bíi pé kò gbọ́ ọ rí. Aago mẹ́rin ni, kẹ̀. Aago mẹ́rin lójoojúmọ́, látọjọ́ tí Màmá ti dé.

Ó sáré lọ sílẹ̀kùn balùwẹ̀. Ọ̀gá wà nínú bàsíà, ó ń fẹsẹ̀ gbá omi. Fóònù Màmá fara ti ike ọṣẹ, ó ń ká fídíò. Ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ bàbá Àǹtí nílé, ọ̀kan ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sì gbọdọ̀ pẹ́.

“Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wẹ̀ fún un ní aago mẹ́rin?”

“Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n má jẹ́ kó sunkún tó o bá ń kọ́mọ? Inú omi nìkan ni kì í ti í ké. Bàbá ẹ ò sì ní fọwọ́ kan oúnjẹ bí kò bá rí i.”

Àǹtí ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé fídíò yẹn ló ń dí ohùn òun àti tọmọ lọ́nà. Bó ti wù kó rọra tó, ojú Màmá ṣì rẹ̀wẹ̀sì. Ó na ọwọ́ tútù, ó pa fóònù. “Èmi tí mo wá ṣèrànwọ́, èmi ni mo ń ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Ó dáa. Mi ò ní fi ránṣẹ́ mọ́.”

Ìyẹn náà dun Àǹtí. Bàbá ẹ̀ ti ṣubú lọ́dún tó kọjá, egungun ìbàdí ò jẹ́ kó lè rìnrìn-àjò. Kò tíì gbé ọmọ ọmọ ẹ̀ mọ́ra rí. Ìka ẹsẹ̀ inú fóònù yẹn ló ní.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ má fi ránṣẹ́?” ni Ìyá Síìmù wí lẹ́yìn wọn. “Ẹ mú àrọ wá fún mi.”

Wọ́n mú àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo wá. Ó dì í mú sókè bàsíà, ó da omi sí i gbuuru, àrọ kún dé etí. Ó fìka bu ìfófòó ọṣẹ léjìká Ọ̀gá, ó fi í lé orí omi náà. Ìfófòó jókòó síbẹ̀, ó ń retí kí omi tán. “Tíṣà, ohùn yín nìyẹn. Omi ni fídíò Màmá. Àpótí yìí kì í kọ ẹrù. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sí i, á gbà á, á tò ó, ohùn yín á lọ tò sẹ́yìn.” Ó tún rọra da omi, tẹ́ẹ́rẹ́, kò jẹ́ kí àrọ kún. Ìfófòó tó fi sí i báyìí bá omi lọ lójú ẹsẹ̀. “Màá sọ fún àpótí pé kó má jẹ́ kí ilé yìí máa rọ tó bí agbára ẹ̀ ṣe mọ. Kó dín in kù díẹ̀. Kó sì máa fún kọ̀ǹpútà yìí láyè kọ́kọ́ kọjá.”

Ọkọ ò lè mú un mọ́ra. “Kẹ́ ẹ dín in kù kó lè yá? Ẹ̀yin ìyá yìí, orí mi ti dàrú.”

“Bàbá Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá di ogún bíríkì ru ẹnì kan, ṣé ó máa ń tètè gun àkàbà?”

“Ó máa ń jókòó ni.”

“Ẹ̀n-hẹ́ẹ̀n.”

Ó ṣe é tán, ó ní kí Màmá fi fídíò ránṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkò. Wọ́n ń padà wéréwéré, ó kàn fi díẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀. Fídíò ló wá ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun.

“Bàbá á máa rí i, ó kàn máa dúró díẹ̀ ni,” Àǹtí wí.

Màmá ti ń rẹ́rìn-ín. “Ogójì ọdún ló ti ń dúró dè mí kí n kúrò níwájú dígí. Á dúró de ìyẹn náà.”

Ọjọ́rú, aago mẹ́rin.  Omi ń dún nínú bàsíà, Màmá ti ń ká fídíò. Ojú Àdàbà yọ nínú kọ̀ǹpútà, ẹnu ẹ̀ dì pinpin. Ìyá ẹ̀ dúró lẹ́yìn àga nínú aṣọ iṣẹ́, ó káwọ́ gbera.

“Àdàbà, mo ní ẹjọ́ láti rò,” Àǹtí wí. “Ohùn ẹ ló ń pẹ́ lọ́nà. Èmi á rò pé o dákẹ́, màá wá sọ̀rọ̀. Inú ilé mi níbí ni ẹ̀bi ti wá, kò sí lọ́wọ́ ẹ rárá. Ṣé wàá jẹ́ ká tún un dán wò?”

Ọmọ náà gbé èjìká sókè. Ó ṣí ìwé.

“Ewúrẹ́ kan wọ kíláàsì,” àwọn méjèèjì wí.

Méjèèjì! Ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Àǹtí ò jẹ́ kó hàn lójú òun. Wọ́n ka ìlà kejì. Nígbà tó di ìlà kẹta, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ètè ẹ̀ nìkan ló ń mì, Àdàbà ló ń dá kà á, kò sì tíì mọ̀.

“Ó jókòó sórí àga, ó jẹ f-f-f—”

Ọ̀rọ̀ há. Omi inú balùwẹ̀ ń dún. Àǹtí dákẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ lọ́tẹ̀ yìí pé ìdákẹ́ tòótọ́ ni, nítorí ó rí ètè ọmọ náà tó ń gbọ̀n, ó sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ̀n.  Ó tẹjú mọ́ ọn, ojú ẹ̀ ń dán.

“—fìlà tíṣà!” Àdàbà bú sẹ́rìn-ín. “Ó jẹ fìlà tíṣà tán!”

Kò dúró gba àṣẹ. Ó kàn ń kà á lọ ni, ó ń há, ó ń yọ, ó ń rẹ́rìn-ín ewúrẹ́. Ìyá ẹ̀ ti fa àga, ó ti jókòó, kò rántí pé aago iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí àkókò pé, Àǹtí wo aago, ó ní, “Ó tó báyìí, ọ̀rẹ́ mi, a máa parí ẹ̀ ní—”

“Ẹ d-d-dúró ná, Àǹtí!” Àdàbà já lù ú. “Kò tíì jẹ bàtà ẹ̀!”

Ó ṣí ojú ewé tó kàn.