Ọjọ́ Tí Mo Lọ Yan Kámẹ́rà Ńlá ní Ifọ̀

Lẹ́yìn tí àbíkẹ́yìn mi tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Kánádà, ilé wa ní Mowe wá tóbi jù fún mi. Bàbá wọn ti ṣaláìsí ṣáájú. Ìró jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mò ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá sì pa á, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí wọ́n tún un tàn.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ibafo, níbi tí mo ti ń ya pásípọ́ọ̀tù fún àwọn tó ń wáṣẹ́ àti àwọn tó fẹ́ fi ìlú sílẹ̀. Oníbàárà á jókòó, màá ní kó gbé àgbọ̀n sókè, kí n tó mí ó ti ń béèrè pé, "Màmá, ṣé ó ti jáde?" Mo lè wo ojú èèyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má rántí ẹyọ kan.

Bóyá ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi ń fà sí kámẹ́rà ńlá ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń gbé sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí onífọ́tò á fi aṣọ dúdú borí kó tó wo inú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta fíìmù fún mi ní Èkó sọ pé bàbá kan wà ní Ifọ̀ tó ní méjì, tó fẹ́ ta ọ̀kan nítorí ojú. Mo rò pé ojú ń dùn wọ́n ni. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí i pé wọn ò ríran mọ́ rárá.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá na ọwọ́ síbi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi.

"Dìde, ọmọ mi. Wọ́n wà lórí tábìlì. Mú èyí tó bá wù ọ́, mi ò ní ta méjèèjì."

Onípákó ni àkọ́kọ́. Ó ṣeé pa dé bí àpótí, èèyàn sì lè gbé e kọ́ èjìká lọ síbi tó bá fẹ́. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ni èkejì dúró lé. Lẹ́ǹsì wà níwájú irin náà, dígí wà lẹ́yìn, àpò awọ tó ń ká mọ́ra bí àkọ́díọ̀nù so wọ́n pọ̀. Èèyàn lè sún iwájú, kó sún ẹ̀yìn, kó gbé lẹ́ǹsì sókè, kó yí dígí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ó wúwo bí ọmọ tó sùn lọ.

"Mú onípákó," ni bàbá wí. "Ta ni yóò máa bá ọ ru irin?"

"Ẹ jẹ́ kí n wo inú wọn ná, sà."

Bàbá ní àwọn á jókòó fún mi. Wọ́n fọwọ́ tọ ògiri dé ìdí àga kan nínú àgbàlá. Mo gbé onírin sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo borí. Inú aṣọ náà gbóná, ó ń rùn bíi káńfọ̀. Mo sún dígí títí ojú bàbá fi hàn kedere, ní ìdoríkodò, bí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń fi nǹkan hàn.

"Kí lo rí?"

"Mo rí yín, sà."

"Mo mọ̀. Kí lo rí gan-an?"

Mo ní irùngbọ̀n wọn ti funfun tán, àfi ibì kan lápá òsì. Mo ní bọ́tìnì kan ti já lọ́rùn ẹ̀wù wọn. Mo ní wọ́n tẹ orí sápá kan bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́nà jíjìn.

Bàbá gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n.

"Funfun tán? Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, dúdú ló pọ̀ jù." Wọ́n fọwọ́ pa á. "Àwọn ọmọ mi ń wá kí mi o. 'Bàbá, ẹ ń dán,' ni wọ́n máa ń wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Mi ò tètè jáde lábẹ́ aṣọ náà. Omi ti bọ́ lójú mi, mo sì ń fi pamọ́ fún ẹni tí kò lè rí mi. Láti ìgbà àìsàn ọkọ mi, mi ò tíì wo ojú èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Onírin ni màá mú, sà."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó ń rìnrìn àjò ni onípákó yẹ. Èmi, ilé ni mo wà. Mo fẹ́ èyí tí ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ ò ní lè tètè lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ti mú fíìmù dání, mo sì ya wọ́n kí n tó di ẹrù mi.

Mo gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀ mi. Ìyàwó ilé kejì wá jókòó fún mi lẹ́ẹ̀kan; fóònù rẹ̀ dún kí kámẹ́rà tó yà á tán, ó dìde, orí rẹ̀ sì jáde bí èéfín nínú fọ́tò. Lọ́jọ́ tí àdúgbò kó lọ sí Kámpù ìjọ fún ìṣọ́ òru, mo gbé kámẹ́rà síta kí oòrùn tó wọ̀, mo ya ọ̀nà wa: géètì tó tì, ògiri tó dúró ṣánṣán, kò sí èèyàn.

Mo mú fọ́tò bàbá lọ sí Ifọ̀. Wọ́n ní kí n fi ìka wọn lé ibi tí ojú wọ́n wà. Ìka náà pẹ́ níbẹ̀.

"Ìgbà wo lo tún ń bọ̀?"

"Sátidé, sà." Mi ò tíì rò ó rárá kí ẹnu mi tó sọ ọ́.

Nígbà tí mo padà dé Mowe, kò sẹ́ni tó bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo se ìwọ̀nba iṣu tí ẹnì kan lè jẹ.