Bàbá Tó Fẹsẹ̀ Tọ́jú Ọkàn

Ó mà ṣe o! Ilé ti dákẹ́, Bàbá mi. Bí a bá pè yín báyìí, ẹ kò ní dáhùn mọ́.

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ìwakùsà ni yín ní Jos níbí, ẹni iyì, ọlọ́wọ́ mímọ́ tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọdún kan náà ni Màmá kú, tí ilé iṣẹ́ náà sì kógbá sílé. Ẹ jókòó sórí àga, ẹ kọjú sí ògiri. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ yín ti ru, àti pé ìbànújẹ́ pẹ̀lú ìjókòó gẹlẹtẹ ló ń dá kún un. Ó ní kí ẹ máa rìn lójoojúmọ́.

Èmi àkọ́bí yín ni n kò gbà. Mo rò pé ìsinmi ló yẹ ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu. Màlámù Garba, aládùúgbò wa ní Angwan Rukuba, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń pè yín: "Akawu, tashi, mu je! Akọ̀wé, dìde, jẹ́ ká lọ!" Mo ti kó bàtà yín pamọ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín, ẹ wò mí, ẹ ní: "Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìrìn ni yóò pa mí. Àga yìí ni." Sálúbàtà ilé ìwẹ̀ lẹ wọ̀ jáde.

Ẹ kò rìn ju ìkóríta lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ padà dé, ẹ ń mí helehele, ẹ sì ní kí n bu oúnjẹ wá. Mo lọ kó bàtà náà jáde.

Kí ọyẹ́ ọdún kejì tó dé, ẹ̀yin àti Màlámù Garba ti ń rìn dé Rantya lọ́hùn-ún, ẹ ń bá ara yín jiyàn lọ. Lójú ọ̀nà yẹn lẹ ti ń sọ ọ̀rọ̀ Màmá tí ẹ kò lè sọ fún àwa ọmọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan ládùúgbò, ẹ ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀: "Bí o bá sunkún tán, wá bá wa rìn." Ìbànújẹ́ kò tán lára yín, ẹ kàn kọ́ bí a ṣe ń gbé e rìn ni.

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko lẹ fi rìn bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ sùn, ẹ kò jí.

Ohun kan wà tí n kò sọ lójú yín rí. Inú ọdún mẹ́sàn-án yẹn ni mo bí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n mọ ohùn yín, wọ́n mọ ẹ̀rín yín. Ká ní ẹ gbọ́ tèmi ni, inú àwòrán ni wọn ì bá ti mọ bàbá àgbà wọn.

Ẹ ṣeun tí ẹ kò gbọ́ tèmi, Bàbá. Ẹ sùn re o.