Nítorí Gẹ̀ẹ́sì Tí Ìyàwó Mi Ń Kọ́

Bí mo bá sọ fún yín pé n kì í jowú, ẹ má dá mi lóhùn. Irọ́ ni. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Tèmi, egungun lásán ni.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń tún ṣe ní Ugbonla, ìyàwó mi sì ń yan ẹja. Lọ́dún tó kọjá, ilé ìwòsàn kan ní Òde Ugbo ń wá ẹni tí yóò máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ iṣẹ́ náà, pé èéfín ti fẹ́ẹ̀ ba ojú òun jẹ́. Èmi náà ní kó lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà. Bó ṣe di pé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, á wọ ọkọ̀ kékeré rẹ̀, á fi àjẹ̀ wà á lọ sí ilé ìwé, níbi tí tíṣà kan tó wá láti Èkìtì ti ń kọ́ àwọn obìnrin. Tíṣà náà kò tíì gbéyàwó. Ó sì máa ń fi lọ́fíńdà.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́ bí èèyàn ṣe ń yọ èèyàn lẹ́nu ni wàhálà dé. Ìyàwó mi ní Gẹ̀ẹ́sì kò da gbogbo rẹ̀ pọ̀. "Disturb" ni kéèyàn dáṣẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí ariwo ẹ́ńjìnnì mi nígbà tó bá ń kàwé. "Annoy" ni kó bí i nínú. "Tease" ni bí àwọn àbúrò mi ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí gbogbo wa á jọ rẹ́rìn-ín. "Pester" ni kéèyàn máa béèrè nǹkan kan náà ṣáá títí á fi sú onítọ̀hún.

Mo bi í pé àpẹẹrẹ wo ló fún tíṣà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo tún bi í. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, 'pester' gan-an nìyí. Ẹ̀yin náà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, tíṣà sì ní mo gbìyànjú."

Háà! Àlejò jókòó, ó ń gbọ́ ìwà mi lẹ́nu ìyàwó mi, ó tún ń fún un ní máàkì!

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé ilé ìwé. Tíṣà ń fi ìyàwó mi ṣẹ̀fẹ̀ pé pẹ̀lú ohùn rẹ̀ yìí, aláìsàn á rò pé ó ń bẹ òun ni. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò rín nílé mi láti ìgbà tó ti bí àbígbẹ̀yìn wa. Tíṣà rí mi, ó tẹríba. "Ẹ káàsán sà." Ìkíni yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ilé ìwòsàn náà pè é fún íńtáfíù, mo gbé àjẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ àwọn ẹ́ńjìnnì tó ti kú. Ó wá a títí. Ó bi mí, mo ní n kò rí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bi mí. Ó ní bóyá omi ló gbé e lọ. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì mi wà níwájú ilé o, n kò ní kó jẹ́ kí n gbé e. Ó yọ pákó kan lára àtẹ ẹja, ó fi wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ó ní òun pẹ́ dé, ṣùgbọ́n wọ́n gba òun.

"Wọ́n bi mí bóyá ọkọ mi ò ní dí mi lọ́wọ́. Mo ní, ọkọ mi kẹ̀? Ó lè béèrè ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ dí mi lọ́nà láéláé."

Ojú tì mí. Mo dìde, mo lọ gbé àjẹ̀ náà wá, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ń retí kó bú mi. Ó gbé àjẹ̀ náà, ó gbé e wọ yàrá lọ.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ náà báyìí. Mo ní kí n máa fi ẹ́ńjìnnì gbé e lọ, ó ní kí n má ṣèyọnu. Bó bá ti dé, inú yàrá ló ń gbé àjẹ̀ rẹ̀ wọ̀. Á fi í ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á sì sùn sáàárín èmi àti àjẹ̀ náà.