Ọkọ̀ Tí Wọ́n Rà fún Ẹ̀yìn Ìyá Mi

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì tí bàbá mi rà á, ọkọ̀ náà ti rin kìlómítà ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọkọ̀ Faransé ni, aláwọ̀ eérú, irú èyí tí àwọn ọ̀gá àgbà máa ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí àwa ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀gá náà ti tà á, wọ́n ti ra tuntun. Bàbá mi rà á nítorí pé egungun ẹ̀yìn ìyá mi ń jẹrà, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn lójú títì tí kò ní máa jù ú sókè sódò.

Iṣẹ́ bàbá mi ni kí ó máa rán àga ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé epo, yàrá kan ṣoṣo tí òórùn gọ́ọ̀mù kún inú rẹ̀, tí ègé fóòmù wà káàkiri ilẹ̀ bíi búrẹ́dì tí eku jẹ kù. Bàbá Fóòmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí wọ́n bá gbé àga dé, kì í kọ́kọ́ wo awọ rẹ̀. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, á dijú, á dúró kí fóòmù náà gbé ọwọ́ rẹ̀ padà sókè, lẹ́yìn náà ni yóò tó sọ ohun tó ń ṣe é. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi tún ibi ìjókòó ẹlòmíràn ṣe. Òun fúnra rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló ń gùn.

Ìyá mi ń fọ aṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Aṣọ ìbùsùn tó tutù wúwo ju bí àwọn tó ń sùn lórí rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, a gbà pé iṣẹ́ ló fà á. Òun náà ní iṣẹ́ ni. Ó fi ìpara ra á, ó fi ọ̀já dì í, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí dókítà fi máa rí i, jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ọmú ti dé egungun ẹ̀yìn. Dókítà ní ẹ̀rọ onítànṣán kan wà ní ọsibítù ńlá tó wà ní ìlú kejì. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi yóò máa lọ, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àfi òpin ọ̀sẹ̀. Kò sọ pé yóò wò ó sàn. Ó ní yóò pa ìrora náà, yóò sì fún un ní àkókò, bóyá ọdún kan, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ o," ó wí. "Àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ yẹn pọ̀."

Kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ni ọ̀nà tó lọ sí ìlú kejì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, a wọ takisí. Ìyá mi ki etí gèlè rẹ̀ bọ ẹnu kó má baà pariwo. Nígbà tí a dé, eyín rẹ̀ ti dá gèlè náà lu. Ní ọjọ́ kejì, ó ké. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Màmá wa, takisí ti dé," ni bàbá mi wí.

"Ẹ ní kó máa lọ."

"Dókítà ní ká má pa á jẹ."

"Ṣé ẹ̀yìn dókítà ni? Bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n kú síbí. Ilẹ̀ ibí tẹ́jú."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni bàbá mi rántí ọkọ̀ Faransé. Ó ti rán àga irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ náà kò ní sípíríǹgì onírin bíi tàwọn yòókù. Òróró àti afẹ́fẹ́ inú àwọn bọ́ọ̀lù irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló gbé e dúró. Bí wọ́n bá pa á, á rọra wálẹ̀. Bí wọ́n bá tún ṣáná sí i, á kọ́kọ́ gbé ìdí kó tó gbé orí, bíi màlúù tó ń dìde. Tó bá já sí kòtò, òróró yẹn ló ń jẹ ìyà, kì í ṣe ẹni tó jókòó. Bàbá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá rẹ̀, èyí tó ń gún awọ. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ló fi ń rán awọ.

Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ta ọkọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà wa.

"Ẹ gbọ́, Bàbá," ó wí. "Àwọn bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti dàgbà bíi tèmi. Ènìyàn ni kẹ́ ẹ máa fi gbé, ẹ má fi ru ẹrù. Òróró aláwọ̀ ewé nìkan ló ń mu. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fún un ní òmíràn, ẹ ti pa á nìyẹn."

"Agbéraga ni, àbí?"

"Rárá o. Ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ pa iná ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó."

Bàbá mi pa á. Ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ìdí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ìyá mi, tí a gbé àga fún lẹ́nu ọ̀nà, na ìka sí i.

"Ẹ wò ó, ó ń kúnlẹ̀ kí mi! Àwọn tí mo bí gan-an ò kúnlẹ̀ tó báyìí."

Ẹ̀rín náà dùn ún dé ẹ̀yìn. Ó di ẹ̀gbẹ́ mú, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sùn lọ́nà ọsibítù. Níbi kòtò tó burú jù, ibi tó ti ké nínú takisí, ó kàn yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Bàbá mi kò wẹ̀yìn. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń hanrun," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ìrìn àkọ́kọ́. Wọn kò pa ọjọ́ kankan jẹ lọ́sẹ̀ náà, wọn kò sì pa ọ̀kan jẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó jẹun. Ó ní ká bá òun wá abẹ́rẹ́, ó rán bọ́tìnì kan tó ti já kúrò lára ẹ̀wù bàbá mi tipẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Alága dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò kankan; òun ló máa ń jókòó sórí àga tó ga jù nínú ìpàdé ẹbí, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Àbúrò, o wá di ọ̀gá, o ò sọ fún mi."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ti Màmá wa ni."

"Aláìsàn ló ń gun irú èyí? Kò burú. Mo ní àlejò lópin ọ̀sẹ̀ yìí, àwọn tá a jọ fẹ́ dá òwò sílẹ̀. Mi ò lè fi ọkọ̀ hẹ́gẹhẹ̀gẹ tèmi gbé wọn. Kó tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ti dá a padà."

Ìyá mi pe bàbá mi láti inú yàrá. "Bàbá wa, ẹ rántí ohun tí ọ̀gá ilé ìwé sọ o."

Alága ló dá a lóhùn. "Ìyàwó wa, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ jẹ ọkọ̀ ni?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ là, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Èyí tó jáde ni, "Ẹ máa gbé e lọ, ẹ̀gbọ́n mi." Ó sì nawọ́ kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni dírẹ́bà Alága dá ọkọ̀ náà padà. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Bàbá mi wọ inú rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àga iwájú, ó tẹ àga ẹ̀yìn níbi tí ìyá mi máa ń jókòó sí. Fóòmù náà gbé ọwọ́ rẹ̀ padà bó ti yẹ. "Kò ṣe é ní nǹkan kan," ó wí, inú rẹ̀ sì dùn. Aránṣọ àga ni. Kò wo ìsàlẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá mi ti múra, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Bàbá mi ṣáná sí ọkọ̀. Íńjìnnì rẹ̀ ń dún, ṣùgbọ́n ìdí kò gbé, orí kò gbé. Ó pa á, ó tún ṣáná sí i. Nígbà tí mẹkáníìkì dé, ó ti ìka bọ inú ike òróró, ó sì gbé ìka náà sókè kí gbogbo wa rí i. Pupa ni.

"Ta ló da òróró bíréèkì sí i? Ó ti jẹ gbogbo rọ́bà inú ẹ̀. Bàbá Fóòmù, a máa tú u palẹ̀ ni o, ká tún ránṣẹ́ sókè òkun. Ọ̀rọ̀ oṣù lẹ̀ ń gbọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́."

Ó ṣí búùtù. Sìmẹ́ńtì wà ní kọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì, ibi tí omi ìfọkọ̀ kò dé.

Bàbá mi pe Alága lórí fóònù. A gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀. Ọkọ̀ yẹn ò dìde o."

"Kò dìde báwo? Mo fi kó sìmẹ́ńtì díẹ̀ síbi tí mò ń kọ́ ilé sí, ló bá ń jò. Dírẹ́bà mi ra òróró sí i. Òróró tuntun! O ò tiẹ̀ dúpẹ́."

"Aláwọ̀ ewé ló ń mu, sà."

"Òróró ni òróró. Àbúrò, ṣé èmi ni mo ní kí ìyàwó ẹ ṣàìsàn ni?"

"Rárá o. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Rárá kan ṣoṣo tí mo gbọ́ rí lẹ́nu bàbá mi sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó háyà bọ́ọ̀sì kékeré kan. Ó gé fóòmù tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tò wọ́n lé ara wọn títí tó fi ga dé orúnkún, ó sì gbẹ́ àárín rẹ̀ bí ìrísí ẹ̀yìn ìyá mi. N kò rí iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìyá mi fi dákú. A yí padà. Kò gbà láti lọ mọ́, ọsibítù sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. N kò bínú sí ẹni tí wọ́n fún.

Ìrora náà padà, ó sì jókòó. Ní ọjọ́ kan tí ìyá mi lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá wa, oorun inú ọkọ̀ yẹn dùn." Bàbá mi jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Òjò àkọ́kọ́ kò tíì rọ̀ nígbà tí ìyá mi kú.

Níbi ìsìnkú, Alága dìde sọ̀rọ̀. "Àbúrò mi ò fi ìyàwó rẹ̀ ṣeré. Ọkọ̀ ọ̀gá ló fi ń gbé e!" Àwọn ènìyàn ń mi orí. Bàbá mi dìde, ó tẹríba. "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ló wà lọ́jà yìí. Òun ló wọ́ ọ, wọ́n sì fún un ní àga kó jókòó.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ẹnì kan wà nínú ẹbí rẹ tí ẹnikẹ́ni kì í já ní koro. O mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ti wá sí ọ lọ́kàn báyìí. Lọ́jọ́ tó bá nawọ́ sí ohun tí aláìsàn ilé rẹ gbé ara lé, má rẹ́rìn-ín, má sì bẹ̀ ẹ́. Di kọ́kọ́rọ́ náà mú, wò ó lójú, kí o sọ fún un pé rárá.